Ìró Dé Etí, Ọ̀rọ̀ Kò Dé Ọpọlọ: Àgbéyẹ̀wò Àìgbọ́ràn Tó Ti Inú Ọpọlọ Wá

Ní Tatonnonkon àti káàkiri abúlé Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bí ọmọdé kò bá dáhùn ìpè, àwọn ará ilé sábà máa ń kọ́kọ́ ro àdín sí i létí. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹnìkan á lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, á pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ bá yíjú padà, wọ́n á ní kò dití, oríkunkun ló ń ṣe é. Bí kò bá yíjú padà, wọ́n á ní adití ni. Ìdájọ́ méjèèjì lè kùnà. Ọmọ tó yíjú padà yẹn lè jẹ́ ẹni tí ìró ń dé etí rẹ̀ ketekete, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì rí ìró náà tò di ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù lè wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ó mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí onítọ̀hún ń sọ. Etí rẹ̀ kò bàjẹ́. Inú ọpọlọ, tàbí ojú ọ̀nà tó ti etí lọ síbẹ̀, ni àrùn wà.

Irú àìgbọ́ràn yìí kò pọ̀ tó ti etí. Epo etí tó dí ihò, etí tó ń tú ọyún, ariwo ẹ̀rọ ọlọ, ọjọ́ ogbó, oògùn tó ba etí jẹ́: àwọn wọ̀nyí ló ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, èyí gan-an ló sì jẹ́ kí ti ọpọlọ máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àìsí ẹ̀rọ wà nínú ohun tó ń fà á, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí a ti ń pàdánù rẹ̀ jù ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a kì í bi: ṣé ìró ni kò gbọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ni kò gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ohùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọ ihò etí, ó gbọn ìlù etí, eegun kéékèèké mẹ́ta gbà á, wọ́n sì fi jíṣẹ́ fún ìkarahun inú etí, èyí tó ká bí ti ìgbín. Nínú ìkarahun yìí ni nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun ti ń sọ ìgbọ̀n-ọ́n náà di iná ara. Iṣan ìgbọ́ràn, tó ní nǹkan bí 30,000 okùn tín-ín-rín nínú, gbé e lọ sí ìdí ọpọlọ, ní òkè ọrùn. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gun òkè láti ibùdó dé ibùdó, títí á fi gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, lókè etí, níbi tí a ti ń mọ̀ pé ohun tí a gbọ́ yìí, ẹkún ọmọ ni, tàbí alùpùpù tó ń bọ̀, tàbí orúkọ wa.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ọpọlọ tí ẹni tó ń wá ibi tí àrùn wà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ibẹ̀ ni ohùn etí kọ̀ọ̀kan ti ń yà sí méjì, tí apá kan ń gba ọ̀tún lọ, tí èkejì ń gba òsì. Nítorí náà, bí rọpárọsẹ̀ bá ba ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kan jẹ́, etí kankan kò ní tìtorí rẹ̀ dí. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo dí, etí náà àti iṣan rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó ń gbọ́ ìró pẹ̀lú etí méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ sì ń dàrú mọ́ ọn, òun ni kí a fura sí ọpọlọ rẹ̀. Kí ọpọlọ tó sọ ènìyàn di adití pátápátá, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ a máa ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, á sì tún sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Kò purọ́. Ìdí ọpọlọ rẹ̀ gbọ́, òkè ọpọlọ rẹ̀ kò gbọ́.

Àwọn oníṣègùn Jámánì ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́nà tó yanjú. Ní 1877, Adolf Kussmaul fún un lórúkọ, ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n dití sí: wọ́n ń gbọ́ ìró, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn kò yé wọn. Ní 1883, Carl Wernicke àti Carl Friedländer ròyìn aláìsàn tó dití nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Nígbà náà, àfi tí aláìsàn bá kú tí wọ́n la orí rẹ̀ kí wọ́n tó mọ òótọ́.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n lára alààyè ṣí ní 1954, nígbà tí Ettore Bocca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì yẹ àwọn tó ní kókó ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ wò. Wọ́n fi ìró lásán dán etí wọn wò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó mọ́ gaara sí wọn létí, wọ́n gbọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n wá yọ àwọn ìró òkè kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, tó wá dún bí ohùn ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ni àṣírí tú: etí tó wà ní òdìkejì ibi tí kókó wà kò rí i dá mọ̀ bí èkejì. Lójú mi, ìmọ̀ Bocca yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ gaara ní àmì púpọ̀ lára, ọpọlọ tó fara pa ṣì lè rí ọ̀kan dì mú nínú wọn. Bí a bá dín àmì náà kù, tàbí tí a pa ariwo mọ́ ọn, tàbí tí a sáré sọ ọ́, àìlera ọpọlọ á hàn. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, tó gbọ́ ọ, tó wá dé ọjà Ikpinlè tí kò gbọ́ nǹkan kan tí oníbàárà ń sọ mọ́, irú rẹ̀ ni Bocca ń wá.

Ní 1961, Doreen Kimura ní Montreal gba ọ̀nà mìíràn. Ó sọ nọ́ńbà kan sí etí ọ̀tún, òmíràn sí etí òsì, lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní kí onítọ̀hún dárúkọ gbogbo ohun tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ ti ọ̀tún dáadáa ju ti òsì lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni èdè fìdí kalẹ̀ sí. Bí ìyàtọ̀ àárín etí méjèèjì bá wá pọ̀ jù, ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ti já.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Ní 1971, Don Jewett àti John Williston ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè lẹ ohun kékeré mọ́ awọ orí, kí a fi ìró ṣókí-ṣókí sí etí, kí a sì ka iná tó ń gba ìdí ọpọlọ kọjá láàárín ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Àyẹ̀wò yìí ni àwọn dókítà elédè Faransé ń pè ní PEA, tí àwọn ti Nàìjíríà ń pè ní ABR. Ní 1978, David Kemp ní London rí i pé etí tó dá ṣáṣá máa ń dá ìró tirẹ̀ padà, ìró tín-ín-rín tí ẹ̀rọ lè gbà sílẹ̀ láti inú ihò etí. Èyí ni OEA àwọn elédè Faransé, OAE àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò méjèèjì kò dọ́gba, ìyàtọ̀ wọn ló sì ṣe pàtàkì jù: ti Kemp ń bi etí nìkan léèrè, ti Jewett ń bi iṣan àti ìdí ọpọlọ. Ní 1996, Arnold Starr àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ròyìn aláìsàn mẹ́wàá tí etí wọn dá ìró padà bó ṣe yẹ, tí PEA wọn sì bàjẹ́ tàbí tí kò hàn rárá. Etí ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà ti já. Láti ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ẹni tó fi àyẹ̀wò Kemp nìkan dá ọmọ láre ti dá a láre lórí ìdajì ẹjọ́.

Láti ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ inú ilé wa, nítorí pé ohun tó ń fa irú jíjá bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tuntun wọ́pọ̀ láàárín wa: ibà pọ́njú ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ara wọn máa ń pọ́n díẹ̀, tí á sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó le ni mo ń sọ, tí ohun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní bilirubin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé ó wọ ọpọlọ lọ. Ní 1904, Christian Schmorl, oníṣègùn Jámánì, ṣàpèjúwe bí ó ṣe ń kun àwọn ibùdó inú ọpọlọ ọmọ ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn ibùdó ìgbọ́ràn ní ìdí ọpọlọ wà lára àwọn tó tètè máa ń fara gbá a. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àìtó èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní G6PD wọ́pọ̀, pàápàá lára ọmọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fọ́ bí nǹkan kan bá tọ́ ọ. Lára ohun tó ń tọ́ ọ ni òórùn kánfọ̀, àwọn róbótó funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Aṣọ tí ìyá àgbà kó pamọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ láti ọdún tó kọjá, tí a yọ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lè jẹ́ òun ni yóò ba ìgbọ́ràn ọmọ náà jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa kí ẹ tó fi wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ kúkú má kó kánfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá.

Ọmọ tí bilirubin bà jẹ́ báyìí lè yege àyẹ̀wò Kemp nítorí pé etí rẹ̀ kò ní àbùkù. Wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kò sọ̀rọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é. Àwọn tó mọ ewu yìí ti fi ọ̀nà hàn nítòsí wa. Ní Lagos, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ wò níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ BCG, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Àyẹ̀wò Kemp ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò bá yege á bọ́ sí ti ìdí ọpọlọ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò dúró de ìyá ní ilé ìwòsàn ńlá: ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lọ pàdé rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọmọ tó ti ní ibà pọ́njú tó le, èrò tèmi, èyí tí àwọn onímọ̀ etí ọmọdé náà ń tẹnu mọ́, ni pé kí wọ́n má fi ti Kemp bẹ̀rẹ̀ rárá. PEA ni kí wọ́n ṣe fún un ní tààrà.

Bí ó ti wù kó rí, ìdènà sàn ju àyẹ̀wò lọ. Iná àwọ̀ búlúù ni ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú ibà pọ́njú yìí. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣe ségesège, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lagos, tó jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn tí wọ́n fi aṣọ ike àkànṣe sẹ́ kò rẹ̀yìn sí iná náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́: gbígbé ọmọ sínú oòrùn gangan kọ́ ni mo wí. Ìyẹn lè jó ọmọ lára.

Ibà tó gun orí ni ohun kejì tó lè ba ìgbọ́ràn inú ọpọlọ jẹ́. Ọmọ gbóná, gìrì gbé e, ó dákú, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Pobè, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, ó jí. Gbogbo ilé dúpẹ́, wọ́n gbé e padà sí abúlé. Ìwádìí kan láti Ùgáńdà, tó jáde ní 2008, sọ pé ọdún méjì lẹ́yìn irú ibà bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tó là á já ni òye wọn ti dín kù. Ìgbọ́ràn àti ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tó lè bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ kínínì ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, oògùn yìí a máa mú kí etí hó, kí ó sì dí fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò tí a bá ṣe lọ́sẹ̀ yẹn lè tan ni jẹ. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti kúrò lára ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Nípa gìrì kan náà, mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ṣì ń rọ ọmọ kì í wo gìrì. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti kọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣúgà tó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń ba ọpọlọ jẹ́.

Yínrùnyínrùn yàtọ̀ díẹ̀. Ìkarahun inú etí ló sábà máa ń bà jẹ́, kì í ṣe ọpọlọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ ọpọlọ ni àrùn náà mú. Ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ ló ti ń jà jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ MenAfriVac lọ ní 2012. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò etí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè dúró: ìkarahun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í di eegun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Lára àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ríru tó di rọpárọsẹ̀ àti ìjàm̀bá alùpùpù ló yẹ kí ọkàn kọ́kọ́ lọ sí. Ẹni tó ṣubú lórí zémidjan, alùpùpù akérò, láìdé akoto, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tó wá di ẹni tí kò lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n má pè é ní aláìfọkànsí. Kókó tó ń hù lára iṣan ìgbọ́ràn tún wà: etí kan á máa dí díẹ̀díẹ̀, á máa hó, ọ̀rọ̀ á sì máa bàjẹ́ ju bí ìró ṣe bàjẹ́ lọ. Ní Dar es Salaam, ìwádìí lára àwọn tó ní kòkòrò HIV fi hàn pé àwọn kan wà tí àyẹ̀wò ìró wọn dára, tí ọpọlọ wọn kò sì tètè mọ àlàfo kékeré láàárín ìró méjì.

Ọ̀kan tún wà tó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ó rọrùn láti pè é ní iṣẹ́ ayé. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje, tó ti ń sọ̀rọ̀ geere, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, títí tí òun náà kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. William Landau àti Frank Kleffner ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1957. Irú wárápá kan ni, òmíràn kì í sì í gbé ọmọ ṣubú rárá, inú oorun ni iná rẹ̀ ti ń jà nínú ọpọlọ. PEA ọmọ yìí á dára, etí rẹ̀ á dára. EEG, àyẹ̀wò iná ọpọlọ, tí wọ́n ṣe nígbà tí ọmọ ń sùn ló ń tú u fó, oògùn sì wà fún un. Ọmọ tó pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé.

Báwo wá ni kí a ṣe mọ̀ ọ́n, láti Tatonnonkon lọ sókè? Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ná ni ní nǹkan kan ju tọ́ọ̀ṣì àti sùúrù lọ. Kí nọ́ọ̀sì wo inú etí. Bí epo bá dí i tàbí tó ń tú ọyún, kí wọ́n tọ́jú ìyẹn ná, nítorí pé kò sí àyẹ̀wò mìíràn tó lè sọ òótọ́ nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá dí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè: ṣé ó máa ń gbọ́ òjò, ìlù, alùpùpù? Ṣé ọ̀rọ̀ ni kò yé e? Ṣé ó sàn nígbà tó bá ń wo ẹnu ẹni? Ṣé ó burú sí i níbi ariwo? Ṣé ó lè kàwé, kó sì kọ̀wé, bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ńkọ́, ṣé ó sunkún, ṣé ojú rẹ̀ pọ́n? Ẹni tí ìró dé etí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò yé e, tí orí fífọ́, ẹsẹ̀ wíwúwo tàbí ojú ríran méjì tún wà pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn etí.

Àṣà kan wà tí àwọn oníṣègùn máa ń lò láìsí ẹ̀rọ: wọ́n á dúró sẹ́yìn aláìsàn, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí ó tún un sọ. Fún elédè Yorùbá, mo rò pé àyẹ̀wò yìí kò dára tó. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tán-án-ná ọ̀fun kì í gbọ̀n, ibẹ̀ sì ni ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó gbọ́ “ọkọ̀” dípò “ọkọ́” lè má ní àrùn kankan. Ohùn jẹ́jẹ́, kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́, ló yẹ kí nọ́ọ̀sì lò. Kódà a lè yí ìṣòro yìí padà sí irinṣẹ́. Kí a gbé ọkọ́ kékeré àti ọkọ̀ ìṣeré síwájú ọmọ, kí a bo ẹnu wa, kí a dárúkọ ọ̀kan, kí ó nawọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí èdè Thai, tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà bíi tiwa, Diana Van Lancker àti Victoria Fromkin, fi hàn ní 1973 pé ẹni tó ni irú èdè bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ, ẹ̀gbẹ́ èdè, gbọ́ ohùn náà. Nítorí náà àyẹ̀wò tó fo ohùn dá kò tíì yẹ ìgbọ́ràn Yorùbá wò tán.

Ìṣòro yìí tún ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń lọ sí ìlú ńlá. Níbi tí èdè Faransé ti ń ṣèjọba ní ilé ìwòsàn, àtòjọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò jù láti dán ìgbọ́ràn ọ̀rọ̀ wò ni ti Fournier, tó ti wà láti bí ọdún 1951. Àgbẹ̀ Ọ̀họ̀rí tàbí Nàgó tí kò gbọ́ Faransé yóò fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ìfìdírẹmi náà kò sì ní sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ rẹ̀. Àtòjọ tiwa ni a nílò, láti ẹnu àwọn ará Adja-Ouèrè fúnra wọn, torí pé ohùn Ọ̀họ̀rí kì í ṣe ohùn Ọ̀yọ́. Àyẹ̀wò Kimura gan-an bá èdè wa mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ: láti èjì dé ẹ̀wá, gbogbo nọ́ńbà wa ló gùn bákan náà lẹ́nu, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan àti gbohùngbohùn tó dára lè ṣe é. Yunifásítì Abomey-Calavi àti Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ènìyàn tó lè gbé iṣẹ́ yìí ṣe.

Tó bá wá kan ẹ̀rọ, agbègbè ìlera kan náà ni Adja-Ouèrè, Pobè àti Kétu wà, ilé ìwòsàn àgbègbè náà sì wà ní Pobè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ilé ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu, níbi tí ẹ̀ka àwọn oníṣègùn etí wà. Àwọn mìíràn nínú ará wa a máa sọdá ààlà lọ sí Abẹ́òkúta tàbí UCH ní Ìbàdàn. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìgbọ́ràn ti 2021, ó lé ní 430 mílíọ̀nù ènìyàn tó nílò ìtọ́jú nítorí àìgbọ́ràn. Àjọ náà ní nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni kò ní tó oníṣègùn etí kan fún mílíọ̀nù ènìyàn kan. Ní ti àwọn tó mọ àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ní pàtó, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó bá gbéra láti Tatonnonkon gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ béèrè.

Ohun tí yóò béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, àyẹ̀wò ìró àti ti ọ̀rọ̀ pọ̀: bí ìró bá dára tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, a ti rí ojú ọ̀nà. Èkejì, OEA àti PEA pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Nínú PEA, ìgbì márùn-ún ni dókítà ń wò. Ti àkọ́kọ́ ń wá láti ara iṣan, ìkarùn-ún ń wá láti òkè ìdí ọpọlọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá tètè dé tí ìkarùn-ún pẹ́, àrùn wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá hàn, tí OEA sì wà, ohun tí Starr rí ní 1996 nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tí ọ̀rọ̀ kò yé aláìsàn síbẹ̀, òkè ọpọlọ ni kí wọ́n lọ wò. Ibẹ̀ ni àwòrán IRM ti wúlò, ẹ̀rọ tó hàn ju skánà lọ fún ìdí ọpọlọ àti iṣan ìgbọ́ràn. Àyẹ̀wò olówó ńlá ni. Kí a lọ ya àwòrán orí kí a tó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀, owó ni a sọ nù, àwòrán náà sì lè má fi nǹkan kan hàn.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà tí n kò fẹ́ fò. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ní ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ló wà tí etí wọn dára, tí ọpọlọ wọn kò sì tètè to ìró. Wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2010, David Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí 1,469 ọmọ ní Bìrìtìkó. Ohun tí wọ́n rí ni pé àìlèfọkànsí ló wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ wọn, pàápàá fún àdúgbò wa. Ọmọ tó ti ilé Nàgó wọ kíláàsì Faransé, tí ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, tí òjò ń rọ̀ sórí páánù, kò ní gbọ́ olùkọ́ dáadáa, bí ọpọlọ rẹ̀ tilẹ̀ pé. Kí a gbé e wá síwájú, kí a bá a sọ èdè tó gbọ́, kí a tó wá àrùn sí i lára. Bí ó bá ní ìtàn ibà pọ́njú, gìrì tàbí ìjàm̀bá, ìyẹn yàtọ̀.

Àwọn kan á ní kí ni àǹfààní mímọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣe é wò. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Kókó ṣe é yọ. Wárápá Landau àti Kleffner ní oògùn. Ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn olówó ńlá tó kàn ń fi kún ariwo fìyà jẹ orí rẹ̀ lásán. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò yé mọ́, tó sì mọ ìwé, a lè máa kọ ọ́ fún un. Ọmọ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ láéláé lè kọ́ èdè ọwọ́ láti kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Louho, ní Àjàṣẹ́, kò sì jìnnà sí Adja-Ouèrè. Ọmọ tó dé ibẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ti yọ nínú ọ̀pọ̀ ìyà tí ẹni tó dé ibẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ti jẹ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ilé ìwòsàn Tatonnonkon, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré, Ikpinlè àti Adja-Ouèrè, ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìlera ọmọ bí ojú rẹ̀ bá pọ́n gan-an, bí gìrì bá gbé e, bí yínrùnyínrùn bá mú un. Kí ẹni tó bá máa gba ìwé náà lọ́jọ́ iwájú má baà bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ̀yin abiyamọ, bí ibà pọ́njú ọmọ yín bá le débi pé wọ́n gbé e sábẹ́ iná tàbí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí pípàtẹ́wọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tó yín. Ẹ béèrè fún PEA kí ó tó pé oṣù mẹ́ta.